Ọ̀wọ́n Epo àti Ọkọ̀ Oní-gáàsì ní Ìbàdàn Àtijọ́

Nígbà tí wọ́n ṣí Gbọ̀ngàn Màpó ní ọdún 1929, ẹsẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èrò fi ń gun òkè náà láti Ọjà'ba. Lónìí, Micra tó ń mu epo bẹntiróòlù ló ń kó èrò láti Bẹẹrẹ dé Bẹ́yẹrúnkà.

Ní oṣù kìíní ọdún 2012, ìjọba gbé lítà kan láti náírà 65 sí 141. Ìfẹ̀hónúhàn ló fà á wálẹ̀ sí 97. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, Ààrẹ Tinúbú kéde òpin ìrànwọ́ orí epo. Kí oṣù keje tó parí, lítà kan ti kọjá náírà 600.

Ìjọba ní kí awakọ̀ yí ọkọ̀ sí gáàsì CNG, tí owó rẹ̀ kò tó ti epo. Ọ̀nà rere ni, ṣùgbọ́n awakọ̀ tó ń jíṣẹ́ owó fún ọlọ́kọ̀ lójoojúmọ́ kò lè dá ra táǹkì gáàsì. Bí ìrànwọ́ kò bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹsẹ̀ ni ará Ọjà'ba yóò tún fi gun Màpó.