Ìwé Ìrìnàjò Òkun fún Ìgbà Ọyẹ́

Ní Ọ̀rẹ̀ àti Odígbó, ìró mọ́tò ni a ń gbọ́ tọ̀sán-tòru. Òkun jìnnà sí wa, ó wà lọ́hùn-ún ní ilẹ̀ Ìlàjẹ. Síbẹ̀, bí ọyẹ́ bá dé tí ilé-ìwé sì gba ìsinmi, ìwé méjì wà tí ó lè gbé akẹ́kọ̀ọ́ dé orí omi.

Èkíní ni ti Olaudah Equiano, tí ó jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1789. Ó ra ara rẹ̀ padà lóko ẹrú ní 1766, ó sì bá àwọn atukọ̀ dé òkun dídì ìhà àríwá ayé ní 1773.

Èkejì ni ti Samuel Àjàyí Crowther, tí ó jáde ní 1855. A kó o lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ nínú ọkọ̀ Potogí ní 1822. Ní 1854, ó wọ ọkọ̀ Pleiad gòkè odò Ọya àti Bẹ́núé, ó sì ń kọ ohun tí ó rí sílẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ ka méjèèjì pọ̀. Nínú ìwé ìṣirò àwọn oníṣòwò ẹrú, iye orí ni a sábà máa ń kọ, kì í ṣe orúkọ. Àwọn méjì yìí fi ọwọ́ ara wọn kọ orúkọ wọn.