Ìyókù Gẹdú Inú Ọ̀sà Èkó

Ìyókù gẹdú ni a ń pe ìtì igi tí ó rì, èèpo igi, àjákù pákó àti ìyẹ̀fun pákó tí iṣẹ́ ìlagi fi sílẹ̀ sínú omi tàbí sí etí omi. Ní Èkó, Oko-Bàbá ní Ẹ̀bùté-Mẹ́tta ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ mọ́ ọn. Láti ìgbà tí a ti ṣí afárá Third Mainland ní ọdún 1990, àwọn tí ń ti Òwòròńṣókí bọ̀ wá sí Adéníji-Adélé ní Erékùṣù Èkó ti ń rí àwọn ìtì náà àti èéfín wọn ní apá ọ̀tún.

Bí gẹdú ṣe ń dé ọ̀sà

Igbó Ògùn, Oǹdó, Ẹdó àti Delta ni wọ́n ti ń gé púpọ̀ nínú igi náà. Wọn a so ìtì pọ̀ ní ìdì ńlá, ọkọ̀ ojú omi a sì fà á wá sí Èkó. Igi arère fúyẹ́, ó ń léfòó. Igi apá wúwo, nítorí náà wọn a so ó mọ́ èyí tí ó fúyẹ́. Bí okùn bá já, èyí tí ó wúwo a rì, èyí tí ó fúyẹ́ a sì máa bá omi lọ títí omi yóò fi wọ inú rẹ̀.

Ewu tí ó wà níbẹ̀

Ìtì tí ó léwu jù ni èyí tí kò rì tán, tí kò sì yọ sókè. Awakọ̀ tí ó gbé èrò láti Ìkòròdú bọ̀ wá sí Ẹ̀bútẹ́ Èrò kì í rí i, pàápàá ní alẹ́, tàbí níbi tí ewéko orí omi bá ti bò ó. Ó sì ń fa àwọ̀n apẹja ya.

Ìyẹ̀fun pákó a máa bo ìsàlẹ̀ ọ̀sà. Bí ó ti ń jẹrà, ó ń gba afẹ́fẹ́ tí ẹja ń mí nínú omi. Ṣùgbọ́n igi tí ẹrẹ̀ bò mọ́lẹ̀, níbi tí afẹ́fẹ́ kò dé, lè pẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó jẹrà. Àwọn ilẹ̀ àbàtà tí a fi ìyẹ̀fun pákó kún kì í le, iná sì lè máa jó lábẹ́ wọn.

Kíkó iṣẹ́ ìlagi lọ sí Àgbòwà

Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ti ya Àgbòwà, ní agbègbè Ẹ̀pẹ́, sọ́tọ̀ fún àwọn oníṣẹ́ ìlagi Oko-Bàbá. Bí ẹ̀rọ bá tilẹ̀ kúrò, ìtì tí ó ti rì kò ní bá a lọ. Yíyọ wọn gba ọkọ̀ tí ó ní ẹ̀rọ agbẹ́rù àti àwọn òmùwẹ̀, ó sì ń ru ẹrẹ̀ sókè. Nítorí náà ni ó ṣe yẹ kí a kọ́kọ́ mú ọ̀nà tí ọkọ̀ èrò ń gbà, kí a tó kan ibòmíràn.

Ohun tí ó yẹ kí a ṣe

Kí oníṣòwò gẹdú lu òǹtẹ̀ rẹ̀ mọ́ ìtì kọ̀ọ̀kan, kí a lè mọ ẹni tí ó ni èyí tí ó já. Kí ó má ṣe da ìyẹ̀fun pákó sómi, kí ó má sì sun ún: àwọn tí ń sin adìẹ ń tẹ́ ẹ sílẹ̀ fún adìẹ, àwọn tí ń gbin olú náà ń lò ó.

Kí èrò ọkọ̀ wọ ẹ̀wù amúniléfòó, kí ó má sì wọ ọkọ̀ ní alẹ́. Ẹni tí ó bá rí ìtì lójú ọ̀nà omi, kí ó fi tó àjọ LASWA létí. Bí jàm̀bá bá ṣẹlẹ̀, kí ó pe 767 tàbí 112.