Aboakyer: Ọdún Ọdẹ Àgbọ̀nrín ní Winneba

Aboakyer ni ọdún ọdẹ tí àwọn Effutu ti ìlú Winneba, ní etíkun ìwọ̀-oòrùn Accra lórílẹ̀-èdè Gánà, máa ń ṣe ní ọjọ́ Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù Karùn-ún. Ìtumọ̀ orúkọ náà lédè Fante ni mímú ẹran. Àgbọ̀nrín ni ẹran ọ̀hún, ọwọ́ lásán ni wọ́n sì gbọ́dọ̀ fi mú un láàyè.

Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé agbègbè Timbuktu ni àwọn Effutu ti ṣí wá pẹ̀lú òrìṣà wọn, Penkye Otu. Ènìyàn láti ìdílé ọba ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń bọ ọ́. Nígbà tí wọ́n bẹ̀bẹ̀, ó ní kí wọ́n mú ẹkùn ààyè wá. Ṣùgbọ́n ẹkùn ń pa àwọn tí ń mú un. Wọ́n tún bẹ̀bẹ̀, ó sì gba àgbọ̀nrín.

Ẹgbẹ́ jagunjagun àtijọ́ méjì, Tuafo àti Dentsefo, ló ń figa gbága. Èyí tí ó bá kọ́kọ́ gbé àgbọ̀nrín ààyè dé iwájú ọba ló borí. Lójú Yorùbá, tí ọrun àti ọfà jẹ́ àmì Ọ̀ṣọ́ọ̀sì, òrìṣà ọdẹ, ọdẹ tí kò ní ohun ìjà lè jọni lójú. Ṣùgbọ́n àsìkò òjò ni oṣù Karùn-ún níbẹ̀. Bí òjò bá rin ọṣán tí a fi awọ ṣe, yóò dẹ̀, ọfà kò sì ní lọ jìnnà mọ́. Ẹni tí ń fi ẹsẹ̀ lé ẹran kò ní ìṣòro yìí. Ilẹ̀ rírọ̀ tilẹ̀ ń fi ipasẹ̀ ẹran hàn án.

Igbó ọdẹ náà wà ní àyíká ọ̀sà Muni. Ní ọdún 1992 ni a kọ Muni-Pomadze mọ́ àwọn ilẹ̀ olómi tí àdéhùn Ramsar kà sí pàtàkì fún gbogbo ayé. Òfin ẹranko igbó tí Gánà ṣe ní 1971 sì ka ọdẹ léèwọ̀ láti 1 oṣù Kẹjọ títí di 1 oṣù Kejìlá. Aboakyer kò bọ́ sí àárín àkókò yìí. Síbẹ̀, oko dídá, igi gígé àti ilé kíkọ́ ń jẹ igbó náà run, àgbọ̀nrín sì ń ṣọ̀wọ́n. Òkú ẹran kò lè rọ́pò ààyè níwájú Penkye Otu. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ kí ọdún yìí pẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dá igbó sí.