Ìtàn tí Iṣu Kọ Sínú Ara Rẹ̀

Nígbà tí ìdílé méjì ní Rẹ́mọ bá ń jiyàn bóyá ìyekan ni wọ́n tàbí àlejò ara wọn, kì í ṣe ẹni tí ohùn rẹ̀ le jù ni àwọn àgbà ń gbọ́ tirẹ̀. Oríkì ìdílé méjèèjì ni wọ́n ń béèrè, wọn a sì fi wọ́n wé ara wọn ní ẹsẹ kọ̀ọ̀kan. Níbi tí ẹsẹ bá ti dọ́gba, a mọ̀ pé orísun kan ni wọ́n ti ṣẹ̀ wá. Níbi tí ó bá ti yàtọ̀, a mọ̀ pé ibẹ̀ ni ọ̀nà wọn ti pínyà. Ohun tí a fẹ́ fi hàn yín ni pé iṣu náà ní oríkì, a sì ti ń kà á.

Ìwé tí a kọ oríkì yìí sí ni àwọn onímọ̀ ń pè ní jínóòmù. Lẹ́tà mẹ́rin péré ni a fi kọ ọ́, lẹ́tà mẹ́rin kan náà sì ni ti ènìyàn, ti ewúrẹ́ àti ti àgbàdo. Nítorí náà ni a ṣe lè fi ọ̀kan wé èkejì. Orí okùn tín-ín-rín ni a tò ó sí. Oríṣi okùn ogún ni iṣu funfun ní. Ní ọdún 2017 ni àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Japan àti ti IITA ní Ìbàdàn tẹ ìwé iṣu funfun jáde: nǹkan bí mílíọ̀nù 594 lẹ́tà, tí wọ́n ka ẹsẹ àṣẹ 26,198 nínú rẹ̀.

Kí ni ìwé náà wí? Ní 1959, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, George Peter Murdock, kọ ọ́ pé irúgbìn láti Éṣíà, bí ọ̀gẹ̀dẹ̀, kókò àti iṣu, ni ó ṣílẹ̀kùn igbó ńlá Áfíríkà fún àgbẹ̀. Ẹni tí ó bá gba èyí gbọ́ yóò rò pé àlejò ni àwọn baba wa dúró dè.

Ní 2019, àwọn onímọ̀ fi jínóòmù iṣu 167 wé ara wọn, ti oko àti ti igbó. Wọ́n rí i pé ní agbègbè odò Ọya ni a ti sọ iṣu igbó dúdú di iṣu oko. Ní 2020 àwọn mìíràn yẹ iṣu funfun 336 wò, wọ́n ní ó jọ pé òbí méjì ni ó ní, ọ̀kan láti igbó dúdú, èkejì láti ilẹ̀ ọ̀dàn. Wọ́n yàtọ̀ lórí iye òbí rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wọn ṣọ̀kan pé ọmọ ilẹ̀ wa ni. Bí òbí bá sì jẹ́ méjì, kí ni ẹ̀gàn rẹ̀? Ìlú púpọ̀ ni ó parapọ̀ di Ṣágámù ní 1872.

Ṣùgbọ́n kí a má ṣe gbéraga. Iṣu ewùrà tí àwa Rẹ́mọ àti Ìjẹ̀bú fi ń se ìkọ́kọrẹ́, tí a sì fi ń yangàn, Éṣíà ni ó ti wá. A tẹ ìwé tirẹ̀ jáde ní 2022: okùn ogún ni òun náà ní, okùn kọ̀ọ̀kan sì ní ẹnìkejì rẹ̀ nínú iṣu funfun. Ìyekan ni wọ́n, tí ọ̀nà jíjìn pín níyà, tí wọ́n sì tún pàdé nínú oko wa.

Ẹ̀kọ́ kan kù. Ní ilẹ̀ Benin, àwọn àgbẹ̀ ṣì ń wú iṣu igbó, wọn a máa gbìn ín lọ́dọọdún títí yóò fi dàbí iṣu oko. Bí ó ti rí láyé àtijọ́ nìyẹn. Nínú igbó ni òbí iṣu wa wà títí di òní. Ibẹ̀ ni a ó sì ti wá agbára kún agbára rẹ̀ nígbà tí àrùn bá dé. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń ta ilẹ̀, tí ẹ sì ń sun igbó, ẹ dá díẹ̀ sí, nítorí ìwé tí a kò tíì kà tán ni iná ń jó.