Olikóye Ransome-Kútì àti Àrùn tí A Kò Fẹ́ Dárúkọ

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí bá ìtàn Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikóye Ransome-Kútì mu. Oníṣègùn ọmọdé ni. Òun ni mínísítà ètò ìlera Nàìjíríà láti 1985 títí di 1992. Àsìkò rẹ̀ náà ni a kọ́kọ́ ròyìn àrùn éèdì nílẹ̀ yìí, ní 1986.

Ṣùgbọ́n ọdún 1997 ni ìdánwò ńlá dé. Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹjọ, Fẹlá, àbúrò rẹ̀, jáde láyé. Ní ọjọ́ kejì ikú náà, Olikóye pe àwọn oníròyìn jọ, ó sì là á mọ́lẹ̀ pé éèdì ni. Ní àwùjọ tí ìdílé ti ń fi orúkọ àrùn pamọ́ nítorí ìtìjú, ṣé ohun kékeré nìyí? Rárá o. Ẹni tí kò bá mọ̀ pé ewu wà, báwo ni yóò ṣe yẹra fún un?

Olikóye kú ní 2003. Ní 2014, òfin ka ìyàsọ́tọ̀ àwọn tí kòkòrò éèdì wà lára wọn léèwọ̀. Síbẹ̀, òfin kò lè dáàbò bo ẹni tí ẹbí rẹ̀ ṣì ń fi pamọ́.