Férémùwọ́ọ̀kì Nínú Iṣẹ́ Áàpù: Èrè Rẹ̀ àti Gbèsè Tó Ń Dá Sílẹ̀

Ní ọdún 2003, Adrian Holovaty àti Simon Willison ń ṣiṣẹ́ ojúewé íntánẹ́ẹ̀tì fún ìwé ìròyìn Lawrence Journal-World ní ìpínlẹ̀ Kansas, Amẹ́ríkà. Ìròyìn kì í dúró de ẹnikẹ́ni: nígbà mìíràn, wákàtí díẹ̀ péré ni wọ́n ní láti fi parí áàpù kan. Wọ́n wá ṣa àwọn iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe ní àṣetúnṣe jọ sójú kan. Àkójọ náà ló di férémùwọ́ọ̀kì tó ń jẹ́ Django, tó dé ọwọ́ aráyé ní oṣù Keje ọdún 2005.

Ó yẹ ká ya férémùwọ́ọ̀kì sọ́tọ̀ kúrò lára láíbúrárì. Láíbúrárì dà bí àpótí irinṣẹ́. Ìgbà tó bá wu oníṣẹ́ ló máa mú òòlù níbẹ̀. Férémùwọ́ọ̀kì ti gbé òpó ilé dúró, ó sì ti pín yàrá; àyè tó ṣẹ́ kù ni oníṣẹ́ máa mọ ògiri sí. Férémùwọ́ọ̀kì ló ń pe kóòdù oníṣẹ́ nígbà tó bá nílò rẹ̀. Àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà Ralph Johnson àti Brian Foote ti tọ́ka sí èyí láti ọdún 1988, ibẹ̀ gan-an sì ni èrè àti ewu rẹ̀ ti ń wá.

Èrè náà kò kéré. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ lè má tíì gbọ́ pé olè a máa ki àṣẹ dátábéèsì bọ inú fọ́ọ̀mù. Bó bá tọ ọ̀nà tí Django là sílẹ̀, Django á ti dí àyè yẹn fún un, kò sì ní tọ́jú páásíwọ́ọ̀dù oníbàárà ní ìhòòhò. Oníṣẹ́ tuntun tó bá mọ Django á sì tètè mọ inú ilé náà.

Ṣùgbọ́n ẹni tó ni òpó lè yí i padà. Google gbé férémùwọ́ọ̀kì AngularJS jáde ní 2010. Ní 2016, wọ́n tún un kọ pátá, wọ́n sì pè é ní Angular 2. Wọ́n pèsè ọ̀nà tí méjèèjì fi lè jọ ṣiṣẹ́ fúngbà díẹ̀, síbẹ̀ ẹni tó fẹ́ kọjá sí tuntun ní láti tún kóòdù rẹ̀ kọ. Ìparí ọdún 2021 ni àtìlẹ́yìn fún ti àtijọ́ dópin.

Ti Equifax, ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ gbèsè àwọn ènìyàn, burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ihò kan wà nínú Apache Struts, férémùwọ́ọ̀kì tí wọ́n ń lò, àtúnṣe rẹ̀ sì jáde ní oṣù Kẹta ọdún 2017. Equifax kò fi àtúnṣe náà síbi tó yẹ. Ní oṣù Karùn-ún, àwọn olè gba ibẹ̀ wọlé, wọ́n sì kó ìsọfúnni nǹkan bí mílíọ̀nù 147 ènìyàn. Àwọn kan di ẹ̀bi náà ru Struts. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Lóòótọ́, ihò kan nínú férémùwọ́ọ̀kì a máa di ihò nínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún áàpù lẹ́ẹ̀kan náà, ìyẹn sì ni àléébù rẹ̀ tó tóbi jù. Ṣùgbọ́n oṣù méjì ni oògùn ti wà nílẹ̀ tí aláìsàn kò lò ó.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́ èdè kóòdù bíi Python tàbí JavaScript yé kó tó fọwọ́ kan férémùwọ́ọ̀kì. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń gbé áàpù kalẹ̀, ẹ kọ́kọ́ yan ẹni tí yóò máa ka ìkìlọ̀ ààbò tí yóò sì máa fi àtúnṣe sí i. Bí ẹ kò bá tíì rí ẹni náà, ẹ má tíì bẹ̀rẹ̀.