Ààwẹ̀ Ogójì Ọjọ́: Bí Lẹ́ńtì Ṣe Di Ti Yorùbá

Ailegun wà ní apá Èjìgbò, ní ìjọba ìbílẹ̀ Òṣòdì-Ìsọlọ̀, ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Bí oṣù kejì tàbí oṣù kẹta ọdún bá dé, ọmọ ìjọ Kátólíìkì, Áńgílíkà àti Mẹ́tọ́díìsì tó ń gbé irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ á wọ ààwẹ̀ Lẹ́ńtì. Ọ̀pọ̀ àwọn ìjọ tuntun á ti gba tiwọn láti oṣù kìíní. Àwọn Aládùúrà ní ààwẹ̀ tiwọn tí wọ́n ń gbà lóríṣiríṣi àsìkò. Ọ̀nà tí ààwẹ̀ wọ̀nyí gbà dé ọ̀dọ̀ wa yàtọ̀ síra, àmọ́ nǹkan kan so ìtàn wọn pọ̀: ìgbà tí ìdààmú bá dé bá gbogbo ìlú ni ààwẹ̀ Kristẹni ń ta gbòǹgbò láàárín Yorùbá.

Ibi tí ogójì ọjọ́ ti ṣẹ̀ wá

Láyé àwọn Kristẹni àkọ́kọ́, ààwẹ̀ ṣáájú Àjíǹde kò gùn. Àwọn kan ń gba ọjọ́ kan, àwọn mìíràn ọjọ́ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí àwọn bíṣọ́ọ̀bù pàdé ní Nicaea lọ́dún 325, òfin tí wọ́n ṣe ti dárúkọ ogójì ọjọ́ tó ṣáájú Àjíǹde. Láàárín ọdún 330 sí 340, Athanasius, bíṣọ́ọ̀bù Alẹkisáńdíríà ní Íjíbítì, ń kọ lẹ́tà sí àwọn ọmọ ìjọ rẹ̀ pé kí wọ́n má ṣe fi ogójì ọjọ́ náà ṣeré. Ààwẹ̀ Jésù ní aginjù ni wọ́n ń wò, àti ti Mósè àti Èlíjà ṣáájú rẹ̀.

Ọjọ́rú Eérú ni Lẹ́ńtì ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ka ọjọ́ láti ibẹ̀ dé àìsùn Àjíǹde á bá ọjọ́ 46, nítorí pé ọjọ́ Ìsinmi mẹ́fà tó wà láàárín rẹ̀ kò sí nínú ààwẹ̀. Ọjọ́ Àjíǹde ni gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, a kì í sì í fi ọjọ́ ayọ̀ gbààwẹ̀. Imọ̀ ọ̀pẹ tí wọ́n gbé yan lọ́jọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ ọdún tó kọjá ni wọ́n ń sun di eérú, tí àlùfáà á fi ṣe àmì àgbélébùú sí iwájú orí olùjọ́sìn. Àlùfáà á wọ aṣọ elésè àlùkò, àwọn Kátólíìkì kì í sì í kọrin Halelúyà títí di òru Àjíǹde.

Òfin náà le gan-an nígbà kan: ẹran, ẹyin àti wàrà ló di èèwọ̀ fún gbogbo àsìkò náà. Ní ọjọ́ 17 oṣù kejì ọdún 1966, Póòpù Paul Kẹfà dín in kù. Lónìí, ọjọ́ méjì péré ni ìjọ Kátólíìkì sọ ààwẹ̀ di dandan, Ọjọ́rú Eérú àti Ọjọ́ Ẹtì Rere, fún àwọn tó wà láàárín ọdún 18 sí 59. Oúnjẹ àjẹyó ẹ̀ẹ̀kan àti ìpanu kékeré méjì ni wọ́n fàyè gbà lọ́jọ́ méjèèjì. Aláìsàn kò sí lábẹ́ òfin yìí. Ohun tí kò yí padà láti ìbẹ̀rẹ̀ ni pé àdúrà, ààwẹ̀ àti ìtọrẹ àánú jọ ń rìn pọ̀ ni.

Bí ó ṣe gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì

Thomas Birch Freeman, míṣọ́nnárì Mẹ́tọ́díìsì, dé Àgbádárìgì ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1842. Henry Townsend ti ìjọ Áńgílíkà dé ní oṣù Kejìlá ọdún kan náà. Lọ́jọ́ 9 oṣù kìíní ọdún 1844, Samuel Àjàyí Crowther ṣe ìsìn ní èdè Yorùbá ní Freetown fún àwọn ẹrú tí wọ́n ti dá nídè. Lọ́dún 1846, òun àti Townsend wọ Abẹ́òkúta. Nígbà tó fi máa di 1850, Ìwé Àdúrà Áńgílíkà tí Crowther túmọ̀ ti jáde ní Yorùbá. Kàlẹ́ńdà ìjọ sì bá ìwé wọlé. Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú tó bá di Kristẹni mọ ìgbà tí Lẹ́ńtì wọlé, ó sì mọ ìgbà tó parí.

Ní Èkó, àwọn tó padà bọ̀ láti Brazil ló kọ́kọ́ di ìgbàgbọ́ Kátólíìkì mú. Kí àlùfáà tó wá máa gbé láàárín wọn, Padre Antonio, tí kì í ṣe àlùfáà, ló ń kó wọn jọ fún àdúrà. Ọdún 1868 ni àlùfáà Pierre Bouche, ti ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì Kátólíìkì tí à ń pè ní SMA, wá fìdí kalẹ̀ sí Èkó.

Lẹ́ńtì ti dé, ọ̀pọ̀ sì ń pa á mọ́. Àmọ́ inú ìwé ló ti bá wọn. Ọdún 1918 ló sọ ọ̀rọ̀ náà di igbe.

Ọdún lùkúlùkú

Oṣù kẹsàn-án ọdún 1918 ni àjàkálẹ̀ àrùn tí àwọn àgbà ń pè ní lùkúlùkú ti etíkun wọ Èkó. Kò pẹ́ tó fi gba ilẹ̀ Yorùbá kan. Dókítà kò ní oògùn rẹ̀, ìjọba kò rí i dá dúró. Kí ẹ̀sìn Kristẹni tó dé, Yorùbá mọ̀ pé bí àrùn bá wọ̀lú, gbogbo ìlú ló ń ṣètùtù, kì í ṣe ẹnì kan. Àwọn Kristẹni Ìjẹ̀bú-Òde kò gbàgbé ìyẹn. Nínú ìjọ Áńgílíkà St Saviour's, Joseph Ṣádàrẹ́ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ara wọn jọ sínú ẹgbẹ́ àdúrà tí wọ́n pè ní Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye. Ọ̀dọ́bìnrin olùkọ́ kan, Sophia Ọdúnlámì, wà lára wọn. Wọ́n gbàdúrà fún ìwòsàn láìgbára lé oògùn. Lọ́dún 1922, wọ́n kúrò nínú ìjọ Áńgílíkà.

Láti ìgbà náà, ìran Aládùúrà ń bímọ lé ara wọn. Lóṣù kẹfà ọdún 1925, Christiana Abíọ́dún Akínṣọ̀wọ́n lọ wo ìwọ́de Corpus Christi ti àwọn Kátólíìkì ní Èkó, ó sì bọ́ sójú ìran. Mósè Orímọládé, ọmọ Ìkàrẹ́, ni wọ́n pè wá gbàdúrà fún un. Láti inú ìpàdé yẹn ni Ẹgbẹ́ Kérúbù àti Séráfù ti jáde.

Lọ́dún 1928, Joseph Ayọ̀ Babalọlá ń wa ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ títì nígbà tó gbọ́ ohùn tó pè é. Àwọn tó kọ ìtàn rẹ̀ sọ pé ọjọ́ méje ló fi gbààwẹ̀, àti pé imọ̀ ọ̀pẹ ló wé mọ́ra, tó fi èédú kun ara, nígbà tó wọ Òdó-Ọwá, ìlú rẹ̀, lọ kìlọ̀ fún wọn lọ́jọ́ ọjà. Ọ̀pẹ àti iná ló ń fún àlùfáà ní eérú Lẹ́ńtì. Babalọlá gbé àmì méjèèjì náà jáde sínú ọjà, níbi tí ẹni tí kò wọ ṣọ́ọ̀ṣì rí ti lè rí i. Lóṣù keje ọdún 1930, nígbà tí owó kòkó ti já wálẹ̀, ọ̀pọ̀ èrò ya lọ bá a ní Òkè-Ooye, Iléṣà. Iṣẹ́ náà ló di ìjọ Christ Apostolic Church (CAC).

Lọ́dún 1930 kan náà, Josiah Ọ̀ṣítẹ́lù dá Ìjọ Olúwa Aládùúrà sílẹ̀ ní Ògèrè. Láti ọdún 1937 ni ìjọ rẹ̀ ti ń ṣe Tabieorar lọ́dọọdún, ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́tàlá tó ń parí ní ọjọ́ 22 oṣù kẹjọ. Láti inú Kérúbù àti Séráfù ni Josiah Akíndáyọ̀mí ti jáde tó fi dá ìjọ Redeemed sílẹ̀ lọ́dún 1952. Ààwẹ̀ gígùn tí ìjọ náà ń fi bẹ̀rẹ̀ ọdún kò jìnnà sí orísun yìí.

Òkè-Àfá

Àwọn ará Ailegun kò ní láti wá ẹ̀rí irú ìdààmú ìlú bẹ́ẹ̀ lọ sí ìlú òkèèrè; ìtòsí wọn ni Òkè-Àfá wà. Ní ọjọ́ Ìsinmi, ọjọ́ 27 oṣù kìíní ọdún 2002, ibi tí wọ́n ń kó ohun ìjà pamọ́ sí bú gbàmù ní bárékè ológun Ìkẹjà. Ẹ̀rù lé àwọn ènìyàn jáde nílé lálẹ́, ọ̀pọ̀ sì sá wọ kànáàlì Òkè-Àfá tí ewéko ti bò lójú. Àwọn tó kú nínú ìjàǹbá náà lé ní ẹgbẹ̀rún kan, ọmọdé sì pọ̀ nínú wọn. Ọjọ́ 13 oṣù kejì ni Ọjọ́rú Eérú bọ́ sí lọ́dún yẹn, ọ̀sẹ̀ méjì àti ọjọ́ mẹ́ta péré lẹ́yìn rẹ̀. Ìlú tó ń ṣọ̀fọ̀ ni Lẹ́ńtì bá. Ọ̀wọ̀n ìrántí àwọn tó lọ wà ní Òkè-Àfá títí di òní.

Lọ́dún 2020 náà, àárín Lẹ́ńtì ni àṣẹ kónílé-ó-gbélé bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, lálẹ́ ọjọ́ 30 oṣù kẹta. Ṣọ́ọ̀ṣì wà ní títì pa lọ́jọ́ Àjíǹde, ọjọ́ 12 oṣù kẹrin. Ọ̀pọ̀ ìjọ kó oúnjẹ fún àwọn tí kò lè jáde wá oúnjẹ òòjọ́.

Ààwẹ̀ tó yẹ wá

Wòlíì Àìsáyà, ní orí 58 ìwé rẹ̀, bá àwọn tó ń gbààwẹ̀ tí wọ́n sì ń ni òṣìṣẹ́ wọn lára wí. Ó ní kí wọ́n bọ́ ẹni tí ebi ń pa, kí wọ́n wọ aláìláṣọ láṣọ. Gbogbo ìtàn tí a sọ yìí ló gbè é lẹ́sẹ̀. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, Iléṣà àti Òkè-Àfá, kì í ṣe ìlọsíwájú ẹnì kan ló wà níwájú àwọn ènìyàn. Ìdààmú gbogbo ìlú ni. Ó dun ni pé ọ̀pọ̀ ààwẹ̀ òde òní ti dá lórí ọkọ̀, físà àti ọ̀tá ilé nìkan.

Lọ́dún 2025, Ramadan bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù kẹta, Lẹ́ńtì sì tẹ̀lé e lọ́jọ́ karùn-ún. Ní Èkó, àwọn ọmọ ìyá kan náà lè máa gba ààwẹ̀ méjèèjì nínú ilé kan. Ẹ jẹ́ kí àánú àwọn méjèèjì papọ̀ bẹ́ẹ̀ náà. Ẹni tó ní ọgbẹ́ inú tàbí ìtọ̀ ṣúgà, tàbí tó lóyún, kó kọ́kọ́ bi dókítà. Ìjọ kò ní kó pa ara rẹ̀. Owó oúnjẹ tí ẹ kò jẹ, ẹ má fi pamọ́. Ẹ fi ra gààrì àti ìrẹsì fún opó tó wà ní ojúlé kejì, kí ẹ sì dárúkọ rẹ̀ nínú àdúrà kí ẹ tó ṣínu.